Ìró Tí Tíṣà Gbọ́

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa dé, kò sẹ́ni tó tún ń ka iye ìlú tí wọ́n ti sùn mọ́. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wo àjà òtẹ́ẹ̀lì náà fúngbà díẹ̀, wọ́n á wá bi ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì pé, "Níbo la wà?" Òun náà á ní òun ò mọ̀, àfi kóun wo ìwé. Ìparí oṣù kẹrin ni ọkọ̀ òkun já ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì New Zealand sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin mẹ́tàdínlógún pẹ̀lú ọ̀gá kan tó ń ṣètò ìrìn àjò wọn, àti ẹrù tí ò ṣeé kà. Ìdíje márùndínlógójì ni wọ́n tò kalẹ̀ dè wọ́n. Òjò rọ̀ sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òjò tí kì í rọ̀ kó dá, tí kì í sì í le débi téèyàn á fi bínú sí i. Wọ́n ṣẹ́gun mẹ́fà, wọ́n pàdánù mẹ́wàá, wọ́n ta ọ̀mì méjìdínlógún. Nínú ìdíje ńlá ọlọ́jọ́ márùn-ún tí wọ́n torí ẹ̀ wá gan-an, wọ́n ti gbá mẹ́rin, wọ́n sì ti nà wọ́n ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀karùn-ún ló ṣẹ́ kù, ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà ó di ilé.

Ọ̀gbẹ́ni Hislop ló ń ṣètò gbogbo rẹ̀. Òun ló ń wá rélùwéè, òun ló ń bá alágbàfọ̀ jà lórí ṣòkòtò funfun tó sọnù, òun ló ń kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí gbogbo olórí ìlú tó bá fún wọn ní ẹran sísè tó ti tutù jẹ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó máa ń gbé tapuráítà rẹ̀ lé orí itan, á tẹ ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn àgbààgbà eré náà ní Wellington. Ọkùnrin náà kì í purọ́, ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún tí ẹ̀ ń pàdánù pọ̀ fún ẹni tí kì í purọ́. Ó ti kọ ọ́ pé ojú ọjọ́ kò gbè wọ́n. Ó ti kọ ọ́ pé ara àwọn ọmọ kò dá. Ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí, ó kọ ọ́ pé koríko pápá náà rẹwà gan-an, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Alban Scoular ló dàgbà jù nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni, ọ̀gá ilé ìwé ní Oamaru, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pè é ní Tíṣà. Ó mọ̀ pé ìrìn àjò yìí ni ìkẹyìn òun. Orúnkún rẹ̀ ti sọ fún un tipẹ́, ìyàwó rẹ̀ náà sì ti sọ ọ́ nínú lẹ́tà mẹ́ta.

Ohun kan wà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ Tíṣà: kì í dúró de adájọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá fara kan etí báàtì rẹ̀ báyìí, tí ẹni tó ń ṣọ́ igi mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbá a mú kó tó balẹ̀, ó ti jáde nìyẹn lófin eré náà; Tíṣà á ki báàtì bọ abẹ́ apá, á máa lọ, ì báà jẹ́ pé ẹyẹ ni adájọ́ ń wò. Ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe nìyẹn, ohun tó sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pera wọn ní ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn máa ń ṣe é nígbà tí wọ́n bá ti sá ọgọ́rùn-ún eré tí wọ́n fi ń ka ayò tán, tí ebi sì ń pa wọ́n. Tíṣà ń ṣe é nígbà gbogbo. Nínú ìdíje ńlá kejì, ó ṣe é nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá eré méjìlá, tí adájọ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán, gbogbo ẹgbẹ́ ti tẹ̀ lé e jáde.

Murray Tennent, balógun wọn, kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ìdíje tó gbẹ̀yìn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wá jókòó ti Tíṣà ní yàrá ìmúra. Ohun tó kù fún wọn kò ṣòro láti lóye. Wọn ò lè ṣẹ́gun mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè máa gbá bọ́ọ̀lù títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ẹni mẹ́wàá wọn ti jáde, ọ̀mì ni.

Tíṣà ń we okùn mọ́ ọrùn báàtì rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó dáa nínú báàtì rẹ̀ ti ṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Hislop wá tuntun fún un, Tíṣà ní òun kò fẹ́, pé àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ àpótí òun ṣì lágbára. Ó lẹ ọrùn rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ó fi òróró pa á, ó we é.

"Tíṣà, báàtì yẹn dàgbà ju ìyàwó mi lọ o," ni Kereama wí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọmọ Māori, ẹ̀yà tó kọ́kọ́ gbé ilẹ̀ wọn, láti Ōtaki ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnu rẹ̀ nìkan ni àárẹ̀ kò tíì mú láti oṣù kẹrin.

"Kì í sì í dá mi lóhùn bí ìyàwó tìẹ," ni Tíṣà fèsì.

Murray rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín."

"Sọ ọ́."

"Tí wọ́n bá pariwo mọ́ yín lónìí pé ẹ ti jáde, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ẹ̀wù funfun gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn fún un."

"Tí báàtì mi bá kan bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Tẹ́ ẹ bá kàn án, á rí i."

"Tí ò bá wá rí i?"

Murray fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Ọmọkùnrin náà ti gbó láàárín oṣù márùn-ún. "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bọ balógun wọn lọ́wọ́, tí mo rẹ́rìn-ín fún un, tí mo ní ẹ kú oríire. Ẹ̀rín yẹn ti tán lẹ́nu mi. Ọ̀mì kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ. Kí n lè délé kí n sọ pé ọjọ́ kan wà tí apá wọn ò ká wa. Ṣé ó pọ̀ jù?"

Kò pọ̀ jù. Tíṣà mọ̀ pé kò pọ̀ jù, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún. Ó ta kókó sí ìdí okùn náà, ó gé e.

"Ó dáa. Màá dúró."

"Ẹ ṣèlérí?"

"Mo ní màá dúró, Murray. Àbí kí n kọ ọ́ sójú pátákó ni?"

Kí aago méjìlá tó lù, ẹni mẹ́ta ti jáde, Tíṣà sì wọ pápá láti gbá bọ́ọ̀lù. Kò tún kúrò níbẹ̀. Wọ́n jẹun ọ̀sán, ó padà. Wọ́n mu tíì, ó padà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbá a láti òdì kejì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, òun ṣì wà níbẹ̀, ó ń ti ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó ń dá bọ́ọ̀lù dúró, ó ń gbá ilẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́. Kò gbá ohun tó lè dùn mọ́ni lójú. Àwọn èrò ìwòran pàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún dákẹ́. Òógùn ti gbẹ sí i lára tó di iyọ̀. Láàárín bọ́ọ̀lù kan sí òmíràn, ó máa ń ronú nípa àga kan ṣoṣo tó wà ní ilé ìdáná rẹ̀ ní Oamaru, bí ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe rí, kò sì ronú nípa nǹkan mìíràn.

Nígbà tí aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, ẹni mẹ́jọ ti jáde, eré mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà lórúkọ Tíṣà, Kereama ló sì wà lódì kejì. Kereama kò mọ báàtì í lò, ṣùgbọ́n ó ti pinnu lọ́jọ́ yẹn pé òun á fi àyà gba bọ́ọ̀lù tó bá tó bẹ́ẹ̀.

"Ogún ìṣẹ́jú, Tíṣà," ló wí nígbà tí wọ́n pàdé láàárín. "Ìyá mi máa ń gbàdúrà jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bu oúnjẹ."

"Panu mọ́, kó o wo bọ́ọ̀lù."

Bọ́ọ̀lù tó dé lẹ́yìn ìyẹn wá láti ọwọ́ ọkùnrin gíga kan tó ti rẹ òun náà. Ó balẹ̀, ó yà síta díẹ̀. Tíṣà na báàtì sí i, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nà án, bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀gbẹ́ etí báàtì kọjá. Nígbà yẹn ló gbọ́ ọ: *kó.* Ìró kékeré, ìró gbígbẹ. Ó gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n lára ní àtẹ́lẹwọ́. Pargeter, ẹni tó ń ṣọ́ igi fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbá bọ́ọ̀lù náà mú, ó na ìbọ̀wọ́ méjèèjì sókè, ó sì ké sí adájọ́. Òun nìkan ló ké. Ọkùnrin gíga tó jù ú kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ti ń padà síbi tó ti máa ń sáré bọ̀.

Adájọ́ mi orí. "Kò jáde."

Ó ti parí. Kò sẹ́ni tó bínú, kò sẹ́ni tó jiyàn. Tíṣà dúró, ó sì gbójú sókè sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Murray ti dìde, ó di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà mú. Ọ̀nà jìn, wọn ò lè ríra wọn lójú, ṣùgbọ́n Tíṣà mọ ohun tí ojú náà ń sọ. Ó ní kí òun dúró. Ó fẹ́ dúró lóòótọ́. Ó tilẹ̀ ti fi báàtì lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń múra de bọ́ọ̀lù tó kàn. Àmọ́ ìró yẹn kò kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé gbogbo eré tóun bá sá lẹ́yìn èyí, jíjí lòun jí i. Ó ki báàtì bọ abẹ́ apá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Tíṣà," ni Kereama pè é. "Níbo lẹ̀ ń lọ? Ó ní ẹ ò jáde."

"Mo gbọ́ ohun tó wí."

"Kí ló wá dé?"

"Mo gbọ́ báàtì náà."

Àwọn èrò ìwòran kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yé wọn, wọ́n dìde lẹ́sẹẹsẹ, àwọn àgbàlagbà ṣí fìlà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un títí tó fi wọ inú ilé. Ó dùn mọ́ ọn díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó kẹ́yìn wọ pápá, ó gba bọ́ọ̀lù méje, ìkẹjọ gbé igi rẹ̀ lọ, ẹni mẹ́wàá sì pé. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Murray lọ bọ balógun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ kú oríire. Ó wá padà wá dúró sí iwájú Tíṣà, tó jókòó tòun ti ìbojúgun lẹ́sẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀," ló wí. "Ṣé ẹ kàn án?"

"Mo gbọ́ ọ, Murray. Ó dún lọ́wọ́ mi."

Murray mú aṣọ ìnura. "Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá kàn án, ẹ kàn án náà nìyẹn. Mi ò lè bá òótọ́ jà." Ó sì lọ wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn tu Tíṣà lára ju gbogbo àtẹ́wọ́ lọ. Òun nìkan ló ṣì wà níbẹ̀, tó ń tú okùn ìbojúgun, nígbà tí Pargeter wọlé pẹ̀lú ìgò bíà méjì. Ó gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́, ó jókòó.

"Tíṣà, ọkùnrin ni yín. Ẹ wò ó, èmi tí mo wà lẹ́yìn yín gan-an, mi ò gbọ́ nǹkan kan o."

"O ò gbọ́? Kí lo wá ké sí?"

"Ẹnu ló mọ́ lára. Tí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá etí báàtì, mo ké náà nìyẹn. Ó tiẹ̀ jọ lójú mi pé àlàfo wà láàárín wọn. Ìgbà tí mo rí i pé ẹ̀ ń lọ ni mo sọ fún ara mi pé etí mi ti di." Ó gbé ìgò sókè. "Ọ̀tọ̀ lẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́."

Nígbà tí Pargeter lọ, Tíṣà mu bíà náà dé ìdajì. Ó wá gbé báàtì lélẹ̀, ó fi í ṣe ọ̀pá láti fi dìde, torí pé orúnkún rẹ̀ ti le gan-in. Bó ṣe fara tì í, báàtì náà dún. *Kó.* Ìró kékeré, ìró gbígbẹ, ní àtẹ́lẹwọ́.

Ó tún jókòó. Ó tún tẹ̀ ẹ́. *Kó.* Lábẹ́ okùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ we, gọ́ọ̀mù tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ti já, ọrùn báàtì sì ń mì nínú ihò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bóyá á yí padà di ìró mìíràn. Kò yí padà. Omi ń dà ṣọ̀ọ̀ ní ilé ìwẹ̀, àwọn yòókù kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ rélùwéè lọ sí èbúté. Tíṣà, Murray àti Ọ̀gbẹ́ni Hislop ló jókòó sí yàrá kan nínú rẹ̀, tapuráítà wà lórí itan Ọ̀gbẹ́ni Hislop, ìwé ìròyìn mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé fọ́tò Tíṣà síwájú, tòun ti báàtì lábẹ́ apá. Ọ̀kan kọ ọ́ pé New Zealand pàdánù gbogbo nǹkan tán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àfi iyì. Ọ̀gbẹ́ni Hislop ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ẹ gbọ́ èyí," ló wí, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Ìròyìn ìkẹyìn nìyí. 'Ìdíje márùndínlógójì: a ṣẹ́gun mẹ́fà, a pàdánù mọ́kànlá, a ta ọ̀mì méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a mú bọ̀ wálé tí a kò lè kọ sáàárín èsì. Adájọ́ ní Scoular kò jáde. Scoular mọ̀ pé òun kan bọ́ọ̀lù, ó sì lọ fúnra rẹ̀.'" "Tíṣà, láti oṣù kẹrin, ibi kan ṣoṣo tí mo kọ rèé tí mi ò ti wá ọgbọ́n fi bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ọlọ́run á bù kún yín."

Murray ń wo ìta, àwọn màlúù tó ń kọjá. "Mo fẹ́ bínú sí yín lánàá," ló wí láìyíjú. "Mi ò kàn rí i ṣe ni. Mo ní, ó kàn án, kí ló fẹ́ ṣe? Mo tiẹ̀ rí oorun sùn."

Bí Tíṣà bá panu mọ́, ohun gbogbo á dúró síbi tó wà. Ẹni mẹ́rìndínlógún á sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà délé, ilé ìwé á to àwọn ọmọ sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá wọn olóòótọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi tó fi rò ó gan-an. Ó wá dìde, ó fa báàtì náà jáde nínú àpò lókè, ó gbé e lélẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn, ó sì fara tì í.

*Kó.*

"Ìró tí mo gbọ́ nìyẹn," ló wí.

Murray gba báàtì náà, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó gbọ́ ọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ò kàn án," ló wí.

"Mi ò kàn án."

"Adájọ́ ní ẹ ò jáde."

"Òun ló tọ̀nà."

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró, Tíṣà. Ẹ ní ẹ máa dúró."

"Mo ní màá dúró."

Ọ̀gbẹ́ni Hislop ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ìwé inú tapuráítà náà, bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ. "Ta ló tún mọ̀?"

"Àwa mẹ́ta."

"Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n kó délé fún wọn? Koríko pápá?"

"Ọ̀gá, mi ò mọ̀ ọ́n lánàá. Mo ti mọ̀ ọ́n lónìí. Tẹ́ ẹ bá fi orúkọ mi sí i báyìí, irọ́ ni."

Ọ̀gbẹ́ni Hislop yíjú sí Murray, torí pé Murray ló pàdánù jù. Murray ṣì di báàtì náà mú. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, àárẹ̀ ló kún ibẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò," ló wí.

Ọ̀gbẹ́ni Hislop fa ìwé náà jáde, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sápò. Ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó tẹ ìlà kan ṣoṣo tó ní iye ìdíje àti èsì wọn, ó sì pa tapuráítà náà dé.

Murray dá báàtì náà padà fún Tíṣà. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la máa lò lórí omi," ló wí. "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ o. Tó bá yá, èmi náà á wá bá yín."

Tíṣà gbé báàtì náà lé orí itan, ó sì fọwọ́ bo ọrùn rẹ̀ kó má baà dún mọ́.

"Ó dáa," ló wí. "Màá dúró."